Ẹ Jẹ́ Ká Rántí Tán

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa bá ẹgbẹ́ sọ níbi àpèjọ àádọ́ta ọdún àwọn tó jáde ní 1974

 

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Alága ti gbé agogo kalẹ̀ síwájú ara wọn, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún nínú bọ́dìn, bó ti wù kó dàgbà tó, bí agogo bá dún, yóò dìde. N ó gbìyànjú kí n parí kó tó dún.

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìgbà èwe wa. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n mú mi ni pé wọ́n gbọ́ pé mo ń kọ ìtàn ìgbésí-ayé ara mi. Òótọ́ ni. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ ọ́. Orí kejì ni mo ṣì wà títí di ìsinsìnyí, ẹ ó sì gbọ́ ohun tó dá mi dúró síbẹ̀ kí n tó jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí orin tí a kọ láàárọ̀ yìí. Orin orílẹ̀-èdè tí Nàìjíríà gbà ní 1960, òun la ń kọ láàárọ̀ lórí ìlà láti 1970 tí a wọlé títí di 1974 tí a jáde. Ní 1978 ìjọba pa á tì, wọ́n mú òmíràn wá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, lẹ́yìn ọdún 46, wọ́n tún dá ti àtijọ́ padà. Àwọn ọmọ wa tó wà níbí ń wo ìwé kí wọ́n tó lè kọ ọ́. Àwa ò wo nǹkan kan. Ẹnu wa ló ń dá a kọ. Àwọn ìyàwó wa ń wò wá, orí wa wú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí mi gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a dé ẹsẹ kejì. Èmi ń lọ sápá kan, ẹni tó wà lọ́tùn-ún mi ń lọ sápá kejì, olùkọ́ tó kọ́ wa ní orin náà sì dákẹ́, wọ́n ń wò wá bí ìgbà tí a wà ní Fọ́ọ̀mù Kìn-ín-ní. Ó sì dá kálukú lójú pé òun ló mọ̀ ọ́n. Inú ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà lónìí. A rántí o, àmọ́ ohun tí a rántí kọ́ ni ohun tó wà níbẹ̀ gan-an. Bẹ́ẹ̀ sì ni, kò sí ẹni tó pète irọ́ nínú wa.

Àárò àti ẹ̀wà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. A ti di àgbà, ẹ̀yìn la sì ń wò. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àárò kì í ṣe àìsàn. Ẹni tí àárò ohunkóhun kò sọ rí, bóyá kò fẹ́ràn nǹkan kan rí ni.

Ṣùgbọ́n àárò mọ oúnjẹ sè ju alásè lọ. Ẹ rántí bí a ti ń sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná. Gbogbo ẹnu ló ń sọ pé irú ẹ̀wà tí a jẹ ní ilé-ìjẹun wa, kò sí mọ́ láyé. Ẹ̀wà wo? Ṣé ẹ̀wà tí a máa ń ka kòkòrò inú rẹ̀? Ẹ̀wà tí a tìtorí rẹ̀ kọ oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ kan ní Fọ́ọ̀mù Kẹta, tí gbogbo kíláàsì fi kúnlẹ̀ lórí pápá títí ilẹ̀ fi ṣú? Òun náà ló wá di àdídùn lẹ́nu wa lónìí. Ẹ̀wà náà kò yí padà, àwa la yí padà. Kì í ṣe ẹ̀wà ni àárò rẹ̀ ń sọ wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí eyín rẹ̀ pé, tí ìyá rẹ̀ wà láàyè, tó lè sáré yí pápá ká ní ìgbà mẹ́ta, òun là ń wá kiri.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká kọ irú rẹ̀ sínú Aké, ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1981 lórí ìgbà èwe wọn ní Abẹ́òkúta. Wọ́n rántí oúnjẹ tí àwọn obìnrin ń tà lójú ọ̀nà, wọ́n fi wé ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dàgbà, ti ìgbà èwe ló borí. Àmọ́ wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n jẹ́ kí á rí ọmọdé tó ń jẹun, wọ́n sì jẹ́ kí á rí àgbà tó ń rántí. Ènìyàn méjì ló jókòó sórí àga ẹni tó ń kọ ìtàn ara rẹ̀. Bí ọ̀kan bá gba kálàmù lọ́wọ́ èkejì pátápátá, ìwé náà bàjẹ́.

Ọdún wo nìyẹn?

Àwọn òbí wa kò fi kàlẹ́ńdà ka ọdún. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ìlú ni wọ́n fi ń kà á. Ọdún àrùn lúkúlúkú, ọdún Ogun Àdùbí, 1918 ni wọ́n ń wí. Ọdún tí àwọn ọmọ ọ̀fẹ́ wọ ilé-ìwé, 1955 nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tóyìn Fálọlá fi ọ̀rọ̀ yìí ṣí ìwé ìgbà èwe wọn, A Mouth Sweeter Than Salt, tó jáde ní 2004. Orí ọjọ́ ìbí àti bí àwọn àgbà ṣe ń ṣírò ìgbà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò mọ ìgbà tí a bí i, báwo ni yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn ara rẹ̀?

Màámi náà ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà, oyún mi ti hàn nínú àwọn. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1956 ni Ọbabìnrin wá. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi ń kọ fọ́ọ̀mù ilé-ìwé, 1958 ni wọ́n kọ síbẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé mo ti dàgbà jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́.

Àwa náà ní òṣùwọ̀n tiwa. Oṣù kìn-ín-ní 1970 tí a gbé àpótí wọlé, òun náà ni ogun abẹ́lé parí. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, ọjọ́ Àjíǹde, ni mọ́tò fi apá òsì títì sílẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1973 ni owó yí padà. Ẹ fi ti owó yẹn sọ́kàn. Òun ló mú mi.

Ẹlẹ́rìí gidi àti ẹlẹ́rìí tí kò sí

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé tèmi, mo lọ wo bí àwọn tó ṣáájú ti ṣe é. Ẹni tó wú mi lórí jù ni Àjàyí Crowther. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí ogun kó ìlú wọn, Òṣoògùn, ní 1821, tí wọ́n sì tà wọ́n lẹ́rú. Ọdún mẹ́rìndínlógún kọjá kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀, nínú lẹ́tà kan tí wọ́n kọ ní Sàró ní February 1837. Kí ni wọ́n rántí? Wọ́n rántí pé ojú ọjọ́ dára láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ni, pé àwọn ará ilé ń múra àtijẹun àárọ̀. Ẹ rò ó wò. Ìlú tú, wọ́n já ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá, síbẹ̀ oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ náà kò kúrò lọ́kàn wọn. Ibi tí ìgbà kò sì ti dá wọn lójú, wọn ò purọ́ ọjọ́ mọ́ ọn, nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ 1821 ni wọ́n pè é. Ìyá tí ogun yà wọ́n nípá, wọ́n tún fojú kàn án ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ẹlẹ́rìí gidi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ òdìkejì rẹ̀. Ní 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ó ní àìsàn ti dá òun wólẹ̀, òun sì fẹ́ jẹ́wọ́ ayé tí òun jẹ l'Ékòó nígbà tí ẹwà òun ń dán. Ó dárúkọ àdúgbò, ó dá orin ìgbà náà, ó ń sunkún lórí ìwé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé obìnrin gidi ni. I. B. Thomas, ẹni tó ni ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Wọ́n sì ṣe é ní ìwé ní 1930.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Àdúgbò lè jóòótọ́, orin lè jóòótọ́, omijé lè gbóná, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ má sí láyé. Mo ka ìtàn yìí, mo fi àwọn ará Èkó ìgbà náà rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé èmi náà ní Sẹ̀gilọlá tèmi nínú ilé, ọmọkùnrin aláàánú kan tó ń jẹ́ orúkọ mi.

Náírà méjì

Orí kejì ìwé mi dá lórí Fọ́ọ̀mù Kejì, ọdún 1971. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní dọ́mítìrì kan náà yóò rántí ọmọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, tó mọ ìṣirò ju gbogbo wa lọ. Mi ò ní í dárúkọ rẹ̀, torí òun ló ni orúkọ rẹ̀. Ní sáà kejì, wọ́n pe àwọn tí kò tíì san owó ilé-ìwé, wọ́n ní kí wọ́n lọ gbà á wá nílé. Ó wà lára wọn. Kò padà wá mọ́.

Mi ò fi èyí bá olùkọ́ kankan wí o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nìyẹn nígbà náà. Ní 1979, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba ẹgbẹ́ UPN sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ondó, Ọ̀yọ́ àti Bẹ́ńdẹ̀lì. Wọ́n kàn tètè bí ọmọ náà ni.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé mi rèé. Mo ní mo tẹ̀ lé e dé gáréèjì. Mo ní mo yọ náírà méjì tí Màámi fún mi, mo fi lé e lọ́wọ́, pé àwa méjèèjì sunkún kí lọ́rì tó gbéra. Kì í ṣe pé mo jókòó hùmọ̀ rẹ̀. Ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí mo ti ń sọ ọ́. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi bí wọ́n bá ń ṣahun síra wọn. Mo ti sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó. Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí mo bá di ojú, mo ń rí owó náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo wá fún ọ̀kan nínú wa ní orí kejì yìí pé kó bá mi kà á. Ní ọjọ́ kẹta, ó pè mí lórí fóònù.

"Ọ̀gá, náírà wo lo rí ná ní 1971?"

Ẹ̀rín pa mí. Òótọ́ ló sọ. Fọ́ọ̀mù Kẹrin la wọ̀ nígbà tí náírà àti kọ́bọ̀ dé ní 1973. Pọ́n-ùn, ṣílè, sísì àti tọ́rọ́ là ń ná ní Fọ́ọ̀mù Kejì. Mo ní ọwọ́ mi ló yẹ̀, pé pọ́n-ùn kan ni mo ní lọ́kàn, torí pọ́n-ùn kan ló di náírà méjì.

"Odindi pọ́n-ùn kan? Lọ́wọ́ ìwọ ọmọ Fọ́ọ̀mù Kejì? Ìwọ tí o máa ń yá sísì lọ́wọ́ mi?"

Mo ní ó dáa, ṣílè méjì ni.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Gbọ́, èmi ni mo bá a gbé àpótí rẹ̀ dé ẹnu géètì. O ò sí níbẹ̀."

Inú bí mi. Mo ní ara ń ta á ni, pé ó fẹ́ gba oore mi mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì la ò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo wá ní n ó fi ẹ̀rí pa á lẹ́nu mọ́.

Ṣóyínká kọ ìwé mìíràn, Ìsarà, tó jáde ní 1989, lórí ayé bàbá wọn àti àwọn ẹgbẹ́ bàbá wọn. Àpótí páànù kan ló bí ìwé náà. Lẹ́tà ló wà nínú rẹ̀, àti rìsíìtì owó orí, àti àkọsílẹ̀ ìpàdé. Èmi náà ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ nílé. Nígbà tí Màámi kú ní 2019, mo gbé àpótí onírin wọn wálé, n kò sì yẹ inú rẹ̀ wò. Màámi ò mọ̀wé, ọmọ aládùúgbò ló ń ka lẹ́tà sí wọn létí, síbẹ̀ gbogbo lẹ́tà tí mo kọ sí wọn láti bọ́dìn ni wọ́n so pọ̀, kò sí ọ̀kan tó sọnù.

Mo rí ti July 1971. Ìwé náà ti pọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni, n ò lè sẹ́ ẹ. Mo kí wọn, mo tọrọ gààrí àti kúlíkúlí. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́ báyìí: "Wọ́n ti lé ọmọ kan lọ sílé nítorí owó. Èmi ni wọ́n fún ní bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi dáadáa. Inú mi dùn púpọ̀, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ó tán. Kò sí gáréèjì. Kò sí ẹkún. "Ọmọ kan" ni mo pè é, mi ò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àpótí náà, ó pẹ́ kí n tó lè dìde.

Bí "ó yẹ kí n" ṣe di "mo ṣe é"

Báwo ni irọ́ náà ṣe wọlé? Mo ti rò ó títí. Mo gbà pé nígbà tí mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́, ohun tí mo ń wí ni pé ó yẹ kí n ti fún un lówó. Ọdún ń gorí ọdún, "ó yẹ kí n" ń jábọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó wá ku "mo fún un." Owó ọwọ́ mi náà sì ń yí padà bí ìlú ti ń yí owó padà. Lọ́jọ́ tí mo bá sọ ọ́, kì í ṣe ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ ni mo ń rántí mọ́, bí mo ṣe sọ ọ́ kẹ́yìn ni mo ń rántí.

Ọ̀mọ̀wé kan ní Cambridge, Frederic Bartlett, gbé ìwé jáde lórí irú nǹkan báyìí ní 1932. Ó fún àwọn ènìyàn ní ìtàn ilẹ̀ òkèèrè kan kà, ó ní kí wọ́n máa sọ ọ́ padà bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ìtàn náà ń kúrú, ohun tó ṣàjèjì sí wọn nínú rẹ̀ sì ń di ohun tí wọ́n mọ̀ ní ilé. Ọkọ̀ ìbílẹ̀ tó wà nínú ìtàn di irú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń rí ní ìlú wọn, bí pọ́n-ùn ṣe di náírà lẹ́nu mi.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan ṣá. Nínú gbogbo àtúnṣe tí ìrántí mi ṣe, èmi ló ń tún ṣe. Kò ṣèṣì sọ mí di ènìyàn burúkú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi lọ ju ọgbọ̀n ọdún, lẹ́tà ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ló lé e bá.

Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi, òun ló sì bá mi wá ọmọ náà. Oṣù mẹ́rin ló gbà wá. A bá a ní ìlú kan lápá Ọ̀ṣun, ó ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó sì ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà. "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin bàbá. Kí lẹ fẹ́ kí a bá yín kàn?" Mo dárúkọ ilé-ìwé wa, mo dárúkọ dọ́mítìrì. Ó gbé ayùn sílẹ̀. Ó wo ọ̀rẹ́ mi títí, ó ní, "Ṣé ìwọ kọ́ lo bá mi gbé àpótí?" Wọ́n dì mọ́ra wọn. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

Mo ní èmi ni mo gba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó dárí jì mí.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀dì wo?"

Ẹ fojú fo òwe yìí, ẹ̀yin olùkọ́ wa: ẹni tó ṣu sílẹ̀ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo ti múra sílẹ̀ pé yóò bú mi. N ò múra sílẹ̀ fún ẹni tó gbàgbé bẹ́ẹ̀dì, tó tún gbàgbé èmi fúnra mi. Kò mọ̀ mí rí. Ohun tó rántí ni ẹni tó gbé àpótí, àti ọ̀kan nínú àwọn ìyá alásè wa, tó sáré jáde láti ilé ìdáná, tó pọ́n ẹ̀wà sínú ewé fún un pé kó rí nǹkan jẹ lọ́nà. "Ẹ̀wà yẹn," ó ní, "mi ò tíì jẹ irú rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà."

Ẹ̀wà oníkòkòrò yẹn náà ni o, ẹ̀yin ará. Mo sì gbà pé lẹ́nu tirẹ̀, òótọ́ ni.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó bi wá léèrè, kò bínú, ó kàn bèèrè ni: "Orúkọ mi ńkọ́, ṣé ó wà nínú ìwé yín?" Àwa méjèèjì wo ilẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Alága mi, nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ bẹ ẹgbẹ́ yìí.

Èkíní, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo àga tó ṣófo láàárín wa. Ohun tí ẹni tó kú mọ̀, òun ló gbé e lọ. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ ìwé ńlá. Ojú ìwé mẹ́ta tó sọ bí a ṣe ń fọ aṣọ, ohun tí a ń jẹ, ẹni tó nà wá àti ìdí tó fi nà wá, ó tó. Bí ẹ ò bá mọ ọjọ́, ẹ ṣe bí Crowther, ẹ ní "nǹkan bí".

Èkejì, bí a bá kọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ ká fún ẹni tó wà níbẹ̀ kà, pàápàá ẹni tí kì í gbà fún wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi níwájú gbogbo yín. Òun ló gbà mí lọ́wọ́ ara mi. Ẹ yẹ inú àpótí àwọn ìyá yín wò kí àwọn ọmọ tó fi ìwé inú rẹ̀ dáná.

Ẹ̀kẹta ló ká mi lára jù. Ìwé orúkọ ẹgbẹ́ wa, kìkì àwọn tó ṣe ìdánwò ìjáde ní 1974 ló wà níbẹ̀. Àwọn tí a jọ wọlé ní 1970 pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ló dá òmíràn padà, àìsàn ló mú òmíràn, bàbá òmíràn kú, ó lọ ṣiṣẹ́ kí àwọn àbúrò rẹ̀ lè jẹun. A ti ń sọ ìtàn ilé-ìwé yìí fún àádọ́ta ọdún bí ẹni pé wọn ò wà níbẹ̀ rí. Ìrántí mi yọ ọmọ kan kúrò kí n lè rí ara mi ní aláàánú. Ìwé ẹgbẹ́ wa yọ gbogbo wọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ wọn padà.

Ẹnì kan lè ní mo fẹ́ ba adùn àpèjọ yìí jẹ́. Rárá o. Mo fẹ́ràn ilé-ìwé yìí lónìí ju bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Nígbà náà, àwòrán ara mi ni mo fẹ́ràn. Ní báyìí, mo mọ̀ pé ìyá alásè kan wà níbẹ̀ tó rí ọmọ tó ń lọ, tó sáré tẹ̀ lé e. Àárò ìyá yẹn ń sọ mí, bẹ́ẹ̀ n ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ̀ ọ́n nínú yín, ẹ kọ tirẹ̀ náà sílẹ̀.

Mo ti tún orí kejì kọ. Kò gùn mọ́. Ibi tí náírà méjì wà tẹ́lẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni: "Ní 1971, wọ́n lé ọ̀kan nínú wa lọ sílé nítorí owó. Mo wà ní ilé-ìwé lọ́jọ́ náà. N ò sin ín dé ẹnu ọ̀nà. Mo gba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo sùn dáadáa." Àwọn ọmọ mi kà á. Èyí àbúrò wọn ní òun fẹ́ràn ti tẹ́lẹ̀ jù. Mo ní èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Mo pe ọmọkùnrin yẹn pé kó wá síbí lónìí. Ó ní òun ní àga tí òun fẹ́ gbé fún oníbàárà ní Sátidé. Ó tún wá ní, bí òun bá tiẹ̀ wá, kí ni wọn ó pe òun níbẹ̀? Ìbéèrè yẹn kì í ṣe èmi nìkan ni mo lè dáhùn rẹ̀.

Ìwé kan àti bírò kan wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Kí kálukú rántí orúkọ ẹnì kan tó bá wa wọlé tí kò bá wa jáde, kó kọ ọ́ síbẹ̀. Bí o bá rántí orúkọ àpèlé rẹ̀ nìkan, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn yóò rántí ìyókù.

Ọlọ́run á tún kó wa jọ. Agogo ò tíì dún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.